Ẹnu Atọ́wò

“Èwo nínú méjèèjì?” ọ̀gá bèèrè.

Atọ́wò gbé ife kejì sẹ́nu, ó fà á ṣùrùrù. Bí ẹni lá ìṣó tó ti dípẹtà ló rí. Ti àkọ́kọ́ náà kò yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀, òun ló ń yan tíì fún ilé-ìtura wọn. Bí wọ́n dì í lójú, ó máa ń mọ ojúlówó tíì aláwọ̀ ewé ti Ṣáínà yàtọ̀ sí ayédèrú.

Ìyá àgbà ará Ṣáínà tó ni ṣọ́ọ̀bù ló fi omi gbígbóná rẹ méjèèjì lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Tirẹ̀ wà nínú ife kan. Èyí tí ọ̀gá gbé wá wà nínú ìkejì. Ẹni tó tà á fún un ní owó pọ́ọ́kú búra pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

“Mú ọ̀kan, jàre. Oníbàárà wo ló máa mọ̀?” ni ọ̀gá wí.

Atọ́wò lè nàka sí èyíkéyìí, kò sẹ́ni tó máa mú un. Òun àti ọkọ rẹ̀ sì ti jọ pinnu pé ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ó gbé ife sílẹ̀.

“Ẹnu mi ò sí nílé lónìí, sà.”

“Kí ló gbé e lọ?”

“Oyún ni.”

Ìyá pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín. “Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, omi ọṣẹ ni gbogbo tíì dà lẹ́nu mi!”

“Ta ló máa wá tọ́ tíì wò báyìí?” ni ọ̀gá wí.

“Ẹ̀yin ni. Ẹ jókòó, sà.”

“Èmi tí mò ń da ṣúgà sí tíì bí ẹni ń da iyanrìn?”

Ó gbé ife àkọ́kọ́ fún un. “Ẹ má tètè gbé e mì. Báwo ló ṣe rí lẹ́nu yín?”

“Ó gbóná.”

“Omi ló gbóná. Tíì ńkọ́?”

Ọ̀gá dijú. “Ó korò díẹ̀… bíi koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Háà, ó tún ń dùn lọ lọ́nà ọ̀fun.” Ó mu ìkejì. “Eléyìí korò, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni.”

“Ẹ tún un tọ́ wò.”

Ó tọ́ méjèèjì wò léraléra. Kò yí ohùn padà. Atọ́wò ti ife àkọ́kọ́ sọ́dọ̀ ìyá.

“Èyí la máa rà, mà.”

“Tèmi nìyẹn,” ni ìyá wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Atọ́wò nawọ́ sí àpò tíì, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti gbé e.

“Ta ló tún mọ̀?”

“Ọkọ mi nìkan, sà. Oyún méjì ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ rí.”



“Ọ̀rọ̀ tíì nìkan ni mo gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn,” ni ọ̀gá wí, ó sì gbé àpò náà sí èjìká kejì.