Àwọ̀ Òṣùmàrè Lójú Kànga Líadan

Fintan Geraghty kì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀nba ọ̀lẹ kan tó fi pamọ́ fún iṣẹ́ tí ojú èèyàn kò lè tó. Tó bá ń nu alùpùpù rẹ̀, á nù ún títí á fi máa dán, torí gbogbo abúlé Cloonaderg ló máa ń rí i tó bá gùn ún kọjá. Èyí tó bá wà lẹ́yìn gáréèjì, ẹ̀yìn gáréèjì náà ló ń gbé.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yẹn, ó pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù náà. Agolo ọ́ìlì mọ́tò kan wà nílé, ó sì dà á sí i. Kò pẹ́ tí máṣìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro lórí òkè, tí táyà kò sì sáré. Ló bá gbé e lọ bá Malachy Tuohy, mẹkáníìkì tí wọ́n jọ lọ síléèwé.

"Ọ́ìlì wo lo dà sí i?" Malachy bi í.

"Ọ́ìlì gidi ni. Ti mọ́tò. Orúkọ ńlá ló wà lára agolo ẹ̀."

"Orúkọ ńlá. Fintan, inú ọ́ìlì yẹn ni kílọ́ọ̀ṣì máṣìnnì ẹ, ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, ti ń wẹ̀. Ti mọ́tò, ọ́ìlì kò dé kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀, ibi gbígbẹ ló wà. Wọ́n ti po nǹkan tó ń yọ̀ mọ́ ọ́ìlì mọ́tò, ìwọ wá dà á sórí kílọ́ọ̀ṣì, o ní kó di nǹkan mú. Ṣé wọ́n máa ń da ọṣẹ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn nílé yín ni?"

"Ó wà nílẹ̀ ni mo ṣe lò ó."

"Ohun tó wà nílẹ̀ náà ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Dà á jáde, kó o ra èyí tí wọ́n kọ máṣìnnì sí lára. Kó o sì gbé àlòkù ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń gbà á nílùú Tuam. Ọ̀fẹ́ ni. Má lọ fún èsìsì mu o. Mo mọ ìdílé yín."

Àwàdà ni Malachy ń ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Bàbá Fintan, kí ó tó kú, ẹ̀yìn gáréèjì ló máa ń da ọ́ìlì dúdú sí kí èsìsì lè kú, á sì fi ìyókù kun òpó ẹnu ọ̀nà kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Bàbá gbogbo ará abúlé ló ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí Fintan gbé agolo àlòkù méjèèjì jáde, èyí tó ti dúdú àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́, ó rántí pé ibi tí wọ́n ti ń gbà á kì í ṣí lọ́jọ́ náà. Ó wo agolo. Ó wo èsìsì. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́, ó sì lọ jẹun.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Òjò rọ̀ láti ìgbà náà títí oṣù August fi dé, ilẹ̀ wọn sì dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn pápá, ni kànga Líadan wà.

Kànga mímọ́ ni, ti Ẹni Mímọ́ Líadan. Omi ibẹ̀ wà fún wíwo ojú sàn. Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ inú oṣù August, gbogbo ìjọ á rọ́ lọ síbẹ̀, wọn á máa gbàdúrà bí wọ́n ti ń yí i ká, wọn á bomi bọjú, wọn á sì bu díẹ̀ lọ sílé nínú ìgò. Àǹtí Attracta, ẹ̀gbọ́n ìyá Fintan, ló ń tọ́jú rẹ̀. Òun ló ń kun òkúta rẹ̀ ní ẹfun, òun ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Òun náà ló tọ́ Fintan dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí awọ ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, tó jẹ́ pé òjìji lásán ló ń rí, Fintan ló sì máa ń fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ láràárọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Sọ́ńdè náà, Nuala Hession tó ń gbé ní ìkòríta lọ pọnmi, ó sì pariwo. Àwọ̀ òṣùmàrè ló wà lójú omi, pupa, àyìnrín, àwọ̀ ewé, wọ́n ń rìn yípo bí ẹni ń jó. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, odidi abúlé ti dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mọ́tò ti ń wá láti Roscommon. Fáda wá wò ó, ó ṣí fìlà, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Fintan náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ó mọ àwọ̀ yẹn, òun ló máa ń wà lórí omi òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù Malachy. Ó yẹ kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Nuala ń sunkún, Àǹtí Attracta sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ́kípẹ́kí, ó ń sọ pé, "Líadan gbọ́ mi. Fintan, ó gbọ́ mi." Fintan sọ lọ́kàn pé òun á sọ ọ́ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, ó jí lọ síbẹ̀ kí èèyàn tó dé, ó fi tówẹ̀lì àtijọ́ gbá ojú omi náà mọ́. Òjò kan rọ̀, àwọ̀ náà padà. Ṣe ni àwọn èèyàn tún ń yọ̀ pé ó lọ, ó sì bọ̀.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni ilé ìwòsàn pe Àǹtí Attracta láti Galway. Àyè ti ṣí sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú rẹ̀. Kó wá ní Fúráìdé. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ìpè náà, ẹni tí kò bá sì dé á padà sẹ́yìn ìlà.

"Mi ò lọ," ó wí, ó ń fi bọ́tà sí búrẹ́dì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹni mímọ́ ò ní bínú."

"Èèyàn á fún ẹ lóúnjẹ, o tún ń lọ bẹ ilé kejì? Tí mo bá lọ, mo ti sọ fún un pé mi ò gbà á gbọ́ nìyẹn."

"Ṣé ẹ ti ń ríran sí i ni?"

"Ó ń ta mí lójú. Àná ó ta, lónìí ó ta ju tàná lọ. Oògùn tí kò bá ta èèyàn, ṣé oògùn ni?"

Fintan wo ojú náà. Ó ti pọ́n wẹ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú. Ìtìjú mú un, kì í ṣe èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn sá fún aráyé, èyí tó ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ sá fún ara rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ lọ síbẹ̀.

Ó tún gbé e di ọjọ́ kejì. Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, nígbà tí Àǹtí ní kó fóònù ilé ìwòsàn pé òun kò wá, ó gbé fóònù sílẹ̀.

"Àǹtí, ọ́ìlì ni."

"Kí ni ọ́ìlì?"

"Èyí tó wà nínú kànga. Ọ́ìlì máṣìnnì mi ni. Èmi ni mo dà á sẹ́yìn gáréèjì. Òjò ló gbé e lọ."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ sí ojú, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Tíì rẹ̀ tutù níwájú rẹ̀.

"Mo gbóòórùn ẹ̀," ó wí nígbà tó yá. "Mo rò pé ara aṣọ ẹ ni."

Fintan bú sẹ́kún.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

"Bo kànga yẹn kí ilẹ̀ tó ṣú. Pe àwọn ìjọba kí wọ́n wá wo ilẹ̀ náà. Lọ́la, wàá gbé mi lọ sí Galway. Ní Sọ́ńdè, wàá sọ fún gbogbo wọn."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí fáda bá mi sọ ọ́."

"Ṣé fáda ló dà á ni? Ó pẹ́ tí mo ti rí ojú ẹ gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ rí i lọ́jọ́ yẹn."

Fintan kan pákó bo kànga, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi ibẹ̀. Kò kọ ìdí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Sọ́ńdè pé, ariwo ìbéèrè ló ń sọ láàárín èrò. Wọ́n pọ̀ ju ti ọdún kọ́dún lọ, ìgò lọ́wọ́ wọn. Àǹtí Attracta dúró níwájú gbogbo wọn. Òwúrọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí aṣọ kúrò lójú ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Fintan sọ ọ́. Kò gùn. Ọ̀rọ̀ tó ti ń sún síwájú láti ọjọ́ yìí wá, nígbà tó jáde, kò ju bí èèyàn ṣe ń ra iyọ̀ lọ. Ilẹ̀ ló ń wò títí ó fi parí.

"Ọmọ-ọmọ mi mu nínú ẹ̀," Nuala wí. Kò pariwo, ì bá sàn kó pariwo. Malachy yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ará Roscommon bẹ̀rẹ̀ sí í da ìgò wọn nù sórí koríko, ẹnìkan sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má dà á síbẹ̀ o.

"Gbé ojú sókè, Fintan," Àǹtí Attracta wí.

Ó gbé e sókè. Ó ń retí èébú, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Obìnrin náà wò ó láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó fara balẹ̀ wò ó.

"O ti hu ewú," ó wí. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Láti Tọ́sìdeè, ọmọdé ni mo ti ń múra láti dárí jì. Àgbàlagbà ló dúró yìí."

Ó yí padà, ó gba àárín pápá lọ sílé, kò sì wá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dì mú.