Iwájú Ilé Télọ̀ Ni Ọkọ̀ Mi Ń Kú Sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé n kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń dúró ti ọkọ̀ tó bà jẹ́: wàá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wàá káwọ́ sẹ́yìn, wàá mirí lẹ́ẹ̀mejì, wàá wá sọ pé, "Ó jọ pé iná ni." Ogún ọdún ni mo fi ṣe akọ̀wé nílé ìkẹ́rùsí kan ní Liverpool Road létí èbúté, bí mo sì ṣe ń mirí sí ọkọ̀ náà ni mo ṣe ń mirí sí ìwé ẹrù tí kò yé mi. Gbogbo ibi iṣẹ́ gbà pé Yínúsà gbọ́n. Ìyàwó mi nìkan ni kò gbà.

Lọ́dún 1989 ni mo ra ọkọ̀ kan tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Inúmidùn, ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́yìn ilé wa ní Ajégúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ náà dé, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Bàbá Tinú, ọkọ̀ yìí ti dàgbà. Ẹ máa kí i kí ẹ tó wọ inú rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi aṣọ nu iwájú ọkọ̀ náà níṣojú gbogbo ayálégbé.

Láàárọ̀ tí ilẹ̀ ṣì tutù tí ọ̀nà sì dá, ọkọ̀ náà kì í yọ mí lẹ́nu. Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà rẹ̀. Bí mo bá kúrò ní Liverpool Road, tí mo rá pálá láàárín àwọn tírélà tó tò wá láti Tin Can Island, tí mo bọ́ sí títì tó wọ Ajégúnlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sì kú. Kì í ṣe ibi gbogbo ló ti ń kú o. Ojú kan náà ni lójoojúmọ́, kò ju ilé méjì síwájú tàbí ilé méjì sẹ́yìn lọ: iwájú ilé Nwakaego tó ń ránṣọ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Opó ni Nwakaego, kò tíì pé ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ nídìí iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ kú síbẹ̀, ó gbé àpótí jáde pẹ̀lú ife omi tútù, ó ní, "Daddy, sit down small, make engine cool." Mo jókòó. Nígbà tó tó ogún ìṣẹ́jú, mo fi kọ́kọ́rọ́ ṣáná, ọkọ̀ sì dáhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, àpótí ti máa ń wà níta kí n tó dé.

Àdùfẹ́, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ló gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Kò tilẹ̀ parọ́, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó ní òun rí ọkọ̀ mi níwájú ilé obìnrin kan lọ́jọ́ Ajé, òun rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun rí i lọ́jọ́bọ̀, òun sì rí èmi alára lórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín.

Inúmidùn kò pariwo. Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Bàbá Tinú, kí ni ọkọ̀ yín ń wá níwájú ilé télọ̀?"

"Ó ń kú síbẹ̀ ni."

"Ṣé kì í kú níwájú mọ́ṣáláṣí?"

"Kì í kú níbẹ̀."

"Ṣé kì í kú níwájú ilé epo?"

"Rárá."

"Ó mọ ibi tó ń kú sí, àbí?"

Mo ṣàlàyé títí ọbẹ̀ fi dì. Bí mo ṣe ń sọ òtítọ́ tó yẹn, bẹ́ẹ̀ ni etí èmi fúnra mi ń gbọ́ ọ bí irọ́. Inúmidùn ní bí oṣù bá fi parí tí ọkọ̀ náà ò ṣíwọ́ àti máa kú síbẹ̀, òun á mú Tinú ọmọ wa, àwọn á sì kó lọ sọ́dọ̀ ìyá òun ní Ìṣẹ́yìn. Inúmidùn kì í dẹ́rù bani lásán. Ọdún mẹ́rìnlá tí a ti fẹ́ra, ohun tó bá ti sọ pé òun máa ṣe, ó ń ṣe é ni. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi wọ ọkọ̀ nírọ̀lẹ́, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní òun ò ní jókòó síwájú ilé obìnrin yẹn kí ará àdúgbò máa wo òun níran. Ohun tó gbà láti ṣe kò ju pé kó bá mi dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ, kí ọkọ̀ náà kú níbẹ̀ lójú òun.

Tamuno lorúkọ mẹkáníìkì mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé ọkọ̀ náà fún un. Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì, ó ti tú kabúrétọ̀ tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì fọ̀, mo sì mirí sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko nínú ọgbà rẹ̀, kò sì ní kú. Á ní, "Oga, this motor dey kámpé." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó di iwájú ilé Nwakaego. Ó dé ibì kan, èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ara mi.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Tamuno lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi wáyà so ike epo kékeré kan kọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi rọ́bà fa epo rẹ̀ sínú kabúrétọ̀. Àṣà rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tí oníbàárà kan ti fẹ̀sùn kàn án pé ó fa epo inú táǹkì òun. Láti ọjọ́ náà, epo tirẹ̀ ló fi ń dán ọkọ̀ gbogbo èèyàn wò. Èmi gan-an ti yìn ín fún un rí pé olóòótọ́ èèyàn ni.

Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inúmidùn jókòó sórí táyà kan, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Wákàtí kan kọjá. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: mo dúró lábẹ́ oòrùn, mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kó ba ọkọ̀ tí mo fi owó mi rà jẹ́. Ọlọ́run kò gbọ́. Ọkọ̀ náà ń kọrin ni. Ní wákàtí kan ààbọ̀, Inúmidùn dìde, ó tún gèlè wé.

"Mo ti rí i," ló wí.

Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan kí ó tó tún yíjú padà wo ike tó rọ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Tamuno, epo inú ike yìí, ibo ló ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì?"

"Straight, Madam. E dey fall from up enter."

"Epo inú táǹkì ńkọ́? Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ wà?"

"Ah, that one, na pump dey draw am come."

"Pọ́ńpù yẹn, ṣé ó ń fa nǹkan kan báyìí?"

Tamuno wò mí. Mo mirí.

"Tí mo bá gbé dírípù kọ́ sórí aláìsàn," Inúmidùn wí, "tó sì lajú, ṣé mo lè sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé ó ti lè gbé oúnjẹ mì?"

Tamuno họ orí. Ó nawọ́ sókè, ó já ike rẹ̀ kúrò lórí wáyà. Ó dá rọ́bà táǹkì padà sáyè rẹ̀, ó ní kí n ṣáná. A dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ́ńjìnnì fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kú. Mo fò sókè bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún.

Tamuno fa rọ́bà yọ lẹ́nu pọ́ńpù, ó ní kí n ṣáná. Ẹ́ńjìnnì ń yí, àmọ́ ẹ̀kán epo kan kò jáde. Ó rẹ àkísà sómi tútù, ó fi wé pọ́ńpù náà. Nígbà tó ṣe díẹ̀ tí mo tún ṣáná, epo tú jáde. Nígbà tó tú pọ́ńpù náà palẹ̀, ó fi awọ rọ́bà tó wà nínú rẹ̀ hàn wá. Ó ti gbó, ó ti sán. Bí ooru ẹ́ńjìnnì bá mú un, á dẹ̀, kò ní lè fa epo mọ́. Bó bá tutù, á tún gbéra. Láti Liverpool Road dé ilé Nwakaego gan-an ni àkókò tí ooru náà ń gbà.

Inúmidùn rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn. Tamuno ní, "Madam, come work for here, abeg." Ọjọ́ náà ni a ra pọ́ńpù tuntun, tí Tamuno sì dè é mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé, mo kúrò níbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún. Mo kọjá lára àwọn tírélà. Mo bọ́ sí títì Ajégúnlẹ̀, mo ń dẹtí sí ikọ́ tí n ò gbọ́. Ẹ́ńjìnnì ń lọ geerege. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ inú mi kò dùn. Mo rí àpótí níta. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà rárá. Ẹsẹ̀ mi ló tẹ bíréèkì, ọwọ́ mi ló pa iná.

Nwakaego gbé omi jáde. "Daddy, e don quench again?"

"E don quench o," ni mo wí.

Mo jókòó fún ogún ìṣẹ́jú, iye tí mo máa ń jókòó gẹ́lẹ́. Mo sọ ìtàn tí mo rò pé ó máa pa á lẹ́rìn-ín. Kò gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. Nígbà tí mo dìde, ó ní kí n bá òun kí Mummy nílé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé láti ọjọ́ yìí wá, bàbá arúgbó tí ọkọ̀ rẹ̀ ń kú sọ́nà ló ń fún lómi. Ojú tì mí, ó sì dùn mí bákan náà.

Inúmidùn wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo wọlé. "Ẹ káàbọ̀. Ṣé ó tún kú lónìí?"

"Rárá. Pọ́ńpù yẹn dára."

Ó fi orúkún méjèèjì kúnlẹ̀ lójú Tinú. "Bàbá Tinú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fi ohun tí ẹ ò ṣe kàn yín."

Àwọn àgbà ní ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Nílé tèmi, ẹni tó jàre ló wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹni tó jẹ̀bi ló jókòó sórí àga. Mo fà á lọ́wọ́ dìde, mo ní, "Ó ti tán, Ìyá Tinú, mo ti gbàgbé ẹ̀."

Ó dúpẹ́. Ó bu oúnjẹ mi wá, ẹran méjì ló wà lórí rẹ̀ dípò ẹyọ kan. Mo jẹ méjèèjì.