Mẹ́rin Tiyín, Mọ́kàndínlógójì Tiwa
Ní ilé bàbá mi ní Kèbẹ́ẹ̀kì, tí omi dídùn igi mápù, tí à ń sè títí á fi ki bí oyin, bá ti fi ìwọ̀n mẹ́rin gbóná ju omi lásán tó ń hó lọ, ó ti jinná nìyẹn, à á sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo sọ fún Orrin ọkọ mi nìyẹn láàárọ̀ tí ohun tí mo fi ń wọn ooru fọ́, tó wá ku tirẹ̀, tó ń fi ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà ka ooru, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Kèbẹ́ẹ̀kì.

Orrin fi pẹ́ńsù ṣírò ó sára pátákó. Ó ní, “Mẹ́rin tiyín, mọ́kàndínlógójì tiwa.”

Mi ò lè jókòó. Mo jáde nínú ahéré tí a ti ń sè é, mo tún wọlé. Òórùn agbada ti yàtọ̀.

“Orrin, sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

“Ghislaine, fara balẹ̀. Ó ṣì ku ìwọ̀n ogún.”

Mo tún jáde. Kí n tó padà, èéfín dúdú ti gba ahéré. Ìyá Orrin sáré wọlé, ó wo agbada, ó wo pátákó.

“Méje ni mẹ́rin yẹn lọ́dọ̀ wa. Níbo lo ti rí méjìlélọ́gbọ̀n tó o rò mọ́ ọn?”

“Màmá, lórí ìwọ̀n tiwa, ibẹ̀ ni omi ti ń di yìnyín. Wọ́n ní ká máa rò ó mọ́ ọn.”

“Àtẹ̀gùn mẹ́rin ni ìyàwó rẹ ní kó o gùn. Ìwọ wá ka gíga òkè tí wọ́n kọ́lé lé mọ́ ọn.”

Orrin tún na ọwọ́ sí pẹ́ńsù. Mo gbà á, mo fi ṣíbí irin lé e lọ́wọ́.

“Máa họ ìsàlẹ̀ agbada.”