Ọsàn Kan Láàrin Ẹ̀fọ́

Ẹni tó bá ní ilẹ̀ Ìgàndò ò lọ́ràá, ẹ bá mi bi í léèrè bóyá ó ti dé ẹ̀yìn ilé tí Ọláwùmí ń gbé rí. Opó ni Ọláwùmí, ìyá Festus, yàrá kan ṣoṣo ló sì ń gbé. Ibi tí gbogbo àdúgbò ń da pàǹtí sí ló sọ di oko: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ata, àti ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà tó jẹ́ pé èèyàn á kàn ki igi rẹ̀ bọlẹ̀ ni, á sì rúwé. Ewúro tó gbìn lọ́dún 1984 ti ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Oko yìí ló fi bọ́ ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiẹ̀. Bàbá Àjíṣafẹ́ tó ń gbé ní Múṣín ló ni ín, kò sì tíì lágbára àtikọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí Ọláwùmí lọ bẹ̀ ẹ́, bàbá ní, "Gbin ẹ̀fọ́ tó bá wù ọ́. Ewúro náà, ẹ̀fọ́ ni. Ṣùgbọ́n igi eléso, n ò fẹ́ rí i." Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa béèrè ìdí. Ẹni tí a yá nílẹ̀ tó wá lọ gbin ọsàn tàbí obì, ó ti ń wá bí ilẹ̀ ṣe máa di tiẹ̀ nìyẹn.

Mọ̀dínátù, aránṣọ ará Ìbàdàn tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti Ọláwùmí, mọ̀ nípa àdéhùn yìí. Kí ni kò mọ̀? Odidi ọdún márùn-ún ló fi ń já ẹ̀fọ́ nínú oko yẹn láìtọrọ. Nígbà tó bí Gàníyù, Ọláwùmí ló se ọbẹ̀ fún un títí ó fi pé ogójì ọjọ́. Béèyàn bá rí ọ̀kan nínú wọn, á béèrè èkejì.

Nígbà tí Mọ̀dínátù ti Iléyá dé lọ́dún 1990, ó gbé ọmọ igi ọsàn kan wá nínú agolo mílíìkì.

"Ẹ gbìn ín, ìyá Festus. Ọsàn Ìbàdàn ni, ó dùn bí oyin."

"Bàbá ò fẹ́ igi, o kúkú mọ̀."

"Igi kan ṣoṣo? Ẹ̀yìn ewúro lẹ máa fi sí, ta ló máa rí i? Ẹ gbìn ín jàre."

Ọláwùmí gbìn ín. Ojú ọ̀rẹ́ ló wò. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ bú u, ẹ bú u, ó tọ́ sí i díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni nínú yín ni ọ̀rẹ́ gbé nǹkan bọ̀ láti ilé fún rí, tó dá a padà?

Ó di Sátidé kan lẹ́yìn ọdún méjì, Bàbá Àjíṣafẹ́ yọ láìròtẹ́lẹ̀. Kò dáhùn ìkíni. Ó kọjá lára ṣọkọ, ó kọjá lára ata, ó lọ tààrà sẹ́yìn ewúro, ó sì na ọ̀pá sí igi ọsàn tó ti ga dé àyà.

"Ìyá Festus, ìwọ náà?"

Ọláwùmí kúnlẹ̀ sórí ebè. Ó ní òun á hú u lójú ẹsẹ̀, kí bàbá ṣàánú òun. Bàbá mirí. "Wọ́n ti sọ fún mi pé ò ń wí kiri pé bó bá ti so, ilẹ̀ di tìẹ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, bàbá?"

"Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé. Ìyá Gàníyù ló wá bá mi nílé. Òun ni màá gbé oko fún látòní, ó ti ṣèlérí pé ẹ̀fọ́ nìkan lòun máa gbìn."

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọláwùmí yíjú, ó rí Mọ̀dínátù lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, téèpù aránṣọ lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe oko ló kọ́kọ́ dùn ún. Ohun tó ń rò ni pé, ṣé láti ọjọ́ tó ti gbé igi yẹn wá ló ti pète, àbí ẹ̀yìn ìgbà náà ni oko ṣẹ̀ṣẹ̀ wù ú? Kò mọ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé.

"Mọ̀dínátù, ìwọ lo gbé ọsàn yìí wá."

"Mo gbé e wá lóòótọ́, mà." Mọ̀dínátù ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ gbìn ín."

Kò sí irọ́ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó jẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ. Èmi ò gbà. Kòkòrò ò jàre rárá. Oṣù mẹ́ta ni Ọláwùmí fi ń gbọ́ bí Mọ̀dínátù ṣe ń bomi rin oko lẹ́yìn fèrèsé òun, tí kò yọjú. Bó bá ti ku òun nìkan, á sunkún.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ewé ewúro ń wọ́, igi rẹ̀ ń gbẹ. Aránṣọ ò mọ iṣẹ́ oko. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mọ̀dínátù kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Festus, ẹ má bínú. Ewúro ti ń kú lọ. Kí ni kí n ṣe sí i?"

Ọláwùmí lè ní òun ò mọ̀, kí oko kú, kí inú òun náà rọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbin ewúro yẹn.

"Gé e kù sí orúnkún. Má gé e kanlẹ̀. Fi eérú pa ojú ibi tó o gé, kó o máa bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, á rúwé."

Ojú Mọ̀dínátù tàn. "Mo mọ̀ pé ẹ ò lè bá mi bínú títí."

"Ewúro ni mo dá lóhùn," ni Ọláwùmí wí. "N ò tíì bá ìwọ sọ̀rọ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sídìí tẹ̀tẹ̀ tó rà lọ́jà Ìkòtún, ó ń ṣà á.