Káàdì Tí Kò Ní Dójú Tì Mí Lọ́dọ̀ Àna

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á ní ahun ló ń ṣe Ìyá Shukurat tó fi ń ti báńkì kan bọ́ sí òmíràn ní Allen, bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Kì í ṣe ahun. Ọṣẹ ni.

Nígbà tí Shukurat, ọmọ rẹ̀ àgbà, bí àkọ́bí sí Manchester ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ bá a wẹ ọmọ, bí gbogbo ìyá ti í ṣe. Ó ní ṣọ́ọ̀bù méjì tí olóògbé ọkọ rẹ̀, Sàláwù, fi sílẹ̀ fún un ní Agége. Owó ilé tó ń gbà níbẹ̀ ló kó sí báńkì, wọ́n fún un ní káàdì, wọ́n ní kó máa ná an lọ́hùn-ún. Ó ná an. Ó ra aṣọ òtútù, ó ra ìlédìí ọmọ, ó ra ike ìwẹ̀. Ó ṣírò rẹ̀ pé owó náà á gbé òun padà wálé, kódà á ṣẹ́ kù. Àfi bó ṣe ku díẹ̀ kó padà tí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù kọ káàdì náà jálẹ̀. Owó ti tán! Ọṣẹ ọmọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn òyìnbó tò sẹ́yìn rẹ̀ gbọọrọ. Abdulkabir, ọkọ Shukurat, ló na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀ tó fi káàdì tirẹ̀ sanwó.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá kí ìyá pé ó dìgbóṣe, Abdulkabir jókòó sáàárín wọn, ó ní, "Ẹ wò ó, ìyá ìyàwó mi ti Agége wá wẹ ọmọ, èmi ni mò ń ra ọṣẹ." Ilé pa ẹ̀rín. Ìyá Shukurat náà rẹ́rìn-ín, nítorí àna ni. Àmọ́ ẹ̀rín náà há a lọ́fun, kò sì tíì sọ̀ kalẹ̀ títí dòní.

Wàyí o, oyún kejì ti wọ oṣù kẹjọ, físà ti jáde. Ó ti búra pé ọṣẹ ọmọ eléyìí, owó òun ni yóò rà á.

"Màámi, ẹ kó owó bébà dání jàre," ni Kazeem, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, ń wí láti àárọ̀. Ilé-iṣẹ́ oníke kan ní Oregun ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ láti tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́bàá ilé wọn kì í gba owó bébà. Ojú mi ló ṣe. Káàdì ni mo fẹ́, èyí tí kì í jẹ owó."

"Gbogbo káàdì ló ń jẹ owó, Màámi."

"Kí n mọ èyí tó ń jẹ díẹ̀. Gbogbo ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ̀gẹ́, ṣé bákan náà ni ikùn wọn tó?"

Ní báńkì àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó so táì pinpin mọ́ ọrùn sọ fún wọn pé káàdì náírà ti ń ṣiṣẹ́ padà lókè òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí èèyàn lè ná ní òdiwọ̀n.

"Bí mo bá ra nǹkan," ni Ìyá Shukurat bi í, "èló lẹ máa mú níbẹ̀?"

"Ó sinmi lórí ọ̀pọ̀ nǹkan, Mọ́mì."

"Bíi kí ni?"

"Bí ọjà bá ṣe rí lọ́jọ́ náà, àti ibi tí ẹ bá ti lò ó, àti..."

"Gbọ́, ọmọ mi. Alájọ tó ń gba owó wa nígbà tí mo ń ta gààrí, owó ọjọ́ kan lóṣù ni tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, a kì í bá a jà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ọjọ́ wo ni tiyín?"

Ọmọkùnrin náà wo Kazeem. Kazeem gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

"Gbogbo àlàyé ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì wa, Mọ́mì. Ẹ lọ kà á."

"Èmi tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀wé, kí n lọ kà á? Kazeem, dìde."

Báńkì kejì dùn mọ́ ọn nínú ní ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin ibẹ̀ gbé omi tútù fún un, ó ní káàdì dọ́là ni kó gbà, pé tó bá ń ná an, àwọn kì í gba kọ́bọ̀. Ìyá Shukurat tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé, ó jókòó dáadáa.

"Kọ́bọ̀?"

"Kọ́bọ̀ kò ní kúrò níbẹ̀, mà. Ẹ kàn máa ra dọ́là náà lọ́wọ́ wa ni."

"Èló lẹ máa tà á fún mi?"

Obìnrin náà dárúkọ iye kan. Kazeem yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó gbé e sí ìyá rẹ̀ létí pé iye náà fi púpọ̀ ju iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là níta lọ. Kí ìyá tó mí, obìnrin yìí fi kún un pé nígbà tó jẹ́ pé pọ́ùn ni wọ́n ń ná ní Manchester, àwọn á yí dọ́là náà sí pọ́ùn, owó kékeré kan á sì wà fún ìyẹn.

"Ṣé o gbọ́, Kazeem? Owó tí kò sí ti bímọ!" Ìyá Shukurat gbé omi tútù náà kalẹ̀ láìmu. "Ẹnìkan wà tí a jọ ń ta gààrí, kò sẹ́ni tí owó tirẹ̀ kéré tó nínú wa. Gbogbo ayé ń rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá la rí i pé ó ti fi òkúta lu ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú. Ìyá oníbáńkì, ẹ yí kóńgò yín padà kí n rí ìdí rẹ̀."

"Mà?"

"Ẹ ṣeun. Omi yín tutù."

Oòrùn ti gun orí. Kazeem nu ọrùn, ó ní, "Màámi, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká mú èyíkéyìí. Ọ̀gá mi ti ń pè mí."

"Ìwọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín ọdún mẹ́fà!"

"Ṣé ẹ̀rín máa ń jẹrà ni?"

Báńkì kẹta wà ní Oregun, nítòsí ilé-iṣẹ́ Kazeem. Oyinadé lorúkọ ọmọbìnrin tó dá wọn lóhùn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn kó tó jókòó, kò sì dárúkọ káàdì kankan. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá ìyá ti ná owó lọ́hùn-ún rí. Ni Ìyá Shukurat bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, àti ike ìwẹ̀, àti ọṣẹ.

"Mà, nígbà tí ẹ bá ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ṣé kì í bi yín bóyá náírà lẹ fẹ́ fi san tàbí pọ́ùn?"

"Ó ń bi mí! Ó yà mí lẹ́nu. Mo rí àmì náírà gbàǹgbà lójú ẹ̀rọ òyìnbó."

"Èwo lẹ tẹ̀?"

"Náírà ni. Kí ni ǹ bá tún tẹ̀? Àmì tí mo mọ̀ nìyẹn."

"Gbogbo ìgbà, mà?"

"Gbogbo ìgbà."

Oyinadé mí kanlẹ̀. "Ibẹ̀ lowó yín gbà lọ. Tí ẹ bá ti tẹ náírà, ṣọ́ọ̀bù yẹn ló máa ṣẹ́ owó náà fún yín, iye tó bá wù ú ló sì máa ṣẹ́ ẹ. Báńkì yín á tún mú tirẹ̀ lé e. Lórí gbogbo nǹkan tí ẹ rà. Owó ìlú tí ẹ bá wà ni kí ẹ máa tẹ̀, mà. Ta ló ní kí ẹ tẹ náírà?"

Ìyá Shukurat dijú. Ó rí ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni pé àná ni: ọjọ́ àkọ́kọ́, òun níwájú ẹ̀rọ, Abdulkabir lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ọwọ́ lórí kẹ̀kẹ́ ọjà. "Mọ́mì, ẹ tẹ náírà, owó yín ni, kí ẹ lè mọ iye tó jẹ́."

"Háà!" Ariwo náà pọ̀ débi pé ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bojú wẹ̀yìn. "Abdulkabir! Ẹni tó lu agbè mi nídìí náà ló ń fi mí ṣẹ̀sín pé n ò lómi!"

Kazeem rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà.

Oyinadé ní kó ṣí àkáǹtì pọ́ùn, kó gba káàdì rẹ̀: owó kan lọ́dọọdún, tó sọ iye rẹ̀ fún un tààrà, wọn kò sì ní mú nǹkan kan lórí ọjà tó bá fi pọ́ùn rà, bó bá ṣáà ti yẹra fún ẹ̀rọ tó ń pọ owó. Ìyá Shukurat ní kó mú ìwé wá, òun ṣe tán.

"Ó ku ẹni méjì tó máa dúró fún yín, mà, àwọn tó ní àkáǹtì kọ́rẹ́ǹtì."

"Kazeem nìyí."

"Sévíńsì ni tèmi, Màámi."

"Àti bílì iná tó ní orúkọ yín."

"Orúkọ Sàláwù ló wà lórí rẹ̀, ọkọ mi."

"Kí wọ́n bá yín wá buwọ́ lùwé, mà."

"Ó ti kú."

Oyinadé wo tábìlì. Ó ní wọ́n á ní láti lọ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù nìyẹn, pé olóògbé ni ọkọ rẹ̀, òun ló sì ń gbé ilé náà.

Ìyá Shukurat wò ó, ó wo Kazeem. "Ọkọ mi kú, ó ṣì ń san owó iná. Èmi tí mo wà láàyè, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí. Ó dáa."

Ẹnu ọ̀nà báńkì ni wọ́n wà tí fóònù Kazeem dún. Ìyá rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú Abdulkabir ló yọ, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Mọ́mì wa! Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmù lórí káàdì o, Shukurat ti sọ fún mi. Mo ti ń ra ọṣẹ sílẹ̀."

"Abdulkabir, ọkọ mi."

"Mọ́mì."

"Ta ló ní kí n tẹ náírà?"

"Náírà wo, Mọ́mì?"

"Ti ọjọ́sí. Nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ rẹ wà lórí kẹ̀kẹ́ ọjà. Fara balẹ̀, rántí."

Ó rántí. Ẹ̀rín náà rọra kúrò lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn Shukurat lẹ́yìn rẹ̀, tó ń bi í pé kí ló dé.

"Mọ́mì, mo rò pé..."

"O rò. Ọṣẹ tí o rà yẹn, fi fọ mọ́tò rẹ. Ti ọmọ ń bọ̀. Tí mo bá sì dé iwájú ẹ̀rọ, jọ̀ọ́, lọ dúró síta."

Ó dá fóònù padà fún Kazeem, ó fún gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ọ̀nà kóòtù Ìkẹjà dà?"

"Màámi, wọ́n á ti máa palẹ̀ mọ́ báyìí. Ọ̀la ni."

"Ká lọ mọ ibi tí wọ́n ti ń tò," ni Ìyá Shukurat wí, ó sì ti ń lọ.