Omi Èéfín Òkè Suswa

"Lórí òkè Suswa yìí," ni Sironka wí, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá òkè náà mọ́ra, "kò sí òkúta tí kò mọ orúkọ mi!"

Ẹnu rẹ̀ kò tíì padé tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ wa fi rì sínú eruku tó dà bí eérú, tó sì jókòó síbẹ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀.

Mutheu ló ń wa ọkọ̀. Ọmọ ẹ̀yà Kamba ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì yá wa ní ọkọ̀ náà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. "Ó dáa," ó ní, "bá wa bẹ ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà kó wá tì wá."

Àwa mẹ́ta la jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní yunifásítì kan ní Nairobi. Ìsinmi dé, a kó àgọ́, ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìkòkò kan sẹ́yìn ọkọ̀, a ní à ń lọ fojú rí àwọn òkè oníná tá a ti fi gègé kọ nípa wọn nínú ìdánwò láìfẹsẹ̀ kàn wọ́n rí. A ti gun Longonot. Suswa ló kàn, ibẹ̀ sì ni ilé bàbá Sironka, níbi tí ọ̀rọ̀ ńlá kan ti ń dúró dè é.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Bàbá rẹ̀ fẹ́ pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ àwọn ẹgbẹ́ Sironka di ọkùnrin, ilé ẹ̀kọ́ ni òun wà nígboro, kò wá. Lọ́dọ̀ àwọn Màsáì, ọmọdé ló ń tẹrí síwájú àgbà kí àgbà fọwọ́ kàn án. Ọkùnrin, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀ ọ́. Bàbá ti ránṣẹ́ pé kó wá, kí òun rí ohun tó dà. Bó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ilẹ̀ di tirẹ̀. Bó bá fọwọ́ kàn án lórí, Lemayian àbúrò rẹ̀, tó ti di ọkùnrin ṣáájú rẹ̀, ni yóò máa bá a mójú tó ilẹ̀ náà bí ẹni ń bá ọmọ tọ́jú ìṣeré.

"Lọ́dọ̀ àwa Luo," ni mo wí, bí mo ṣe ń fọwọ́ wa eruku lábẹ́ táyà, "ẹni tó bá ṣáà ti ń mí, a ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wá di ọmọ wa, Sironka."

"Ogola, ẹja inú adágún yín lẹ máa fún mi. Ilẹ̀ ni mo fẹ́." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa wò ó lọ́la. Bàbá mi á bọ̀ mí lọ́wọ́ débi pé èjìká mi á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀."

"Ọmọ Màsáì," ni Mutheu dáhùn, "fi èjìká yẹn ti ọkọ̀ ná."

A tì í. A tún tì í. Nígbà tá a fi dé ibi tí èéfín omi gbígbóná ti ń tú jáde látinú ilẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, a sì dà bí àwọn tí wọ́n hú jáde nínú ààrò. A pàgọ́ síbẹ̀.

Páìpù kan yọ látinú ihò èéfín náà, ó dagẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì dojú kọ dúrọ́ọ̀mù ńlá kan. Èéfín ń gba inú rẹ̀ lọ, ó ń tutù lójú ọ̀nà, ó sì ń kán sínú dúrọ́ọ̀mù: tó... tó... Omi ti dé ọrùn rẹ̀.

"Omi ta nìyí?" ni Mutheu bi í.

"Ti ilé wa ni! Bàbá mi ló ri páìpù yẹn." Sironka gun orí òkúta bí olùkọ́. "Ẹ gbọ́. Iná wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Iná ń se omi. Ṣé iná yẹn kú rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀? Kò kú. Nítorí náà, omi yìí ò lè tán. Ẹ bù ú, ẹ̀yin èèyàn mi!"

Ká ní ìdánwò ni, ì bá gba gbogbo máàkì. Kò sẹ́ni tó tẹ́tí sí bí omi náà ṣe ń falẹ̀ kán.

A bù ú. Mutheu fọ irun rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo fọ ìkòkò, mo fọ ẹsẹ̀ mi, mo wá fọ bàtà mi tí kò ṣẹ̀ mí. Ní ti Sironka, ó wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn dídùn, ó ṣan ara, ó tún wẹ̀. Ó ní ọkùnrin kì í gbé eruku lọ bá bàbá rẹ̀. Nígbà tó gbé agolo tó kẹ́yìn, dúrọ́ọ̀mù náà dún gbangan bí agogo ilé ẹ̀kọ́.

Ní òwúrọ̀, obìnrin kan ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ̀, kẹ́ẹ̀gì òfìfo so mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bó ṣe rí Sironka ọmọ rẹ̀ ló kígbe ayọ̀, ó tu itọ́ ìbùkún sí i lára.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń bọ̀! Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ káàbọ̀, ẹ kú ọ̀nà!"

Lẹ́yìn náà ló lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù. Ó yọjú sínú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí jáde, ó jókòó sórí òkúta. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà wá ń wò wá.

Bàbá ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo ilẹ̀ tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀.

"Ta ló wẹ̀ níbí?"

Ẹnu Sironka ló yá jù. "Àwọn àlejò ni, Bàbá. Wọn ò mọ̀."

Mutheu yíjú sí i. Mo la ẹnu, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ó ní. "Àwa ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Bàbá sún mọ́ wa. Ó bọ Mutheu lọ́wọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí òkúta ibẹ̀. "Àlejò ò mọ ilé," ó ní. "Ẹ káàbọ̀."

Ó wá kan Sironka. Sironka na ọwọ́. Nínú àwa mẹ́ta, èmi, ẹsẹ̀ nìkan ló mọ́. Mutheu, irun nìkan. Òun ló ń dán látorí délẹ̀, tó ń ta sánsán bí ilé tuntun. Bàbá fa imú.

"O mọ́ púpọ̀," ó ní.

Ọwọ́ náà wà nínú afẹ́fẹ́. Bàbá ń dúró. Kò sí ohun tó ń dún lórí òkè náà àfi páìpù: tó... tó... Nígbà tó yá, Sironka onírùngbọ̀n, ọmọ yunifásítì, tẹ ọrùn rẹ̀ síwájú. Bàbá fọwọ́ kan orí rẹ̀ wéré, bí ẹni ń wò ó bóyá ìkòkò ti tutù.

"Lemayian á máa bá ọ wo ilẹ̀," ó ní. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Sironka kọjú sí Mutheu, ojú rẹ̀ pọ́n. "Kí ló dé tó o fi gbà fún mi? Ká ní o já mi nírọ́ ni, ǹ bá ti jẹ́wọ́ bí ọkùnrin!"

"Mo rò pé ọ̀rẹ́ ni wá," ni Mutheu fèsì. Ó wọnú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Èmi tí n kò lè rí ibi tó gbóná kí n má fẹ́ ẹ, mo lọ bá ìyá. "Màmá," ni mo wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mu tíì ná, bóyá inú gbogbo wa á rọ̀."

Ó ń so kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà mọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Omi tíì yín ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn lánàá," ó ní.