Abẹ̀bẹ̀ Tí Kò Sán

Ní ilé Àlàájà Hàlímátù ní Ìkòsì, oúnjẹ ọjọ́ Jímọ̀ ń tutù sínú abọ́ ni. Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án.

Ọlátúnjí ni ẹni náà, ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Àlàájà láyé. Ẹnjiníà bàálù ni. Kì í ṣe bàálù ńlá tó ń kó èrò lọ sí Mẹ́kà o, àwọn kékeré tí àwọn olówó kan kó jọ sí pápá kan lẹ́yìn ìlú ni, tí wọ́n fi ń ta òkìtì lójú ọ̀run. Jayé ni awakọ̀ tó mọ òkìtì náà ta jù. Ọmọ Olúrántí ni, àkọ́bí Àlàájà tó ti lọ sọ́run. Ọwọ́ Àlàájà ni Jayé dàgbà sí. Bó bá ní kí oòrùn má ràn, Àlàájà á bá a bẹ oòrùn.

Àwọn òyìnbó kan ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo Jayé. Bó bá wù wọ́n, wọ́n á mú un lọ sílùú wọn, òkìtì ni yóò sì máa fi jẹun. Àlàájà ti ròyìn rẹ̀ ká Ìkòsì, ó ròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn alátà ní Mile 12.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n dé ni Ọlátúnjí wọlé, girísì ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

“Màámi, Jayé ò ní fò lọ́la. Mo fẹ́ tú abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù yẹn.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ó lè má ṣe nǹkan kan. Àsìkò àyẹ̀wò rẹ̀ ló ti kọjá.”

Jayé fò dìde. “Ọ́ńkù Túnjí, wákàtí tó lè fò kó tó di àyẹ̀wò ṣì kù rẹpẹtẹ! Ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi ni mo ṣìṣe. Bíi ti bàálù tó ń rìn gbọọrọ ni mo ń kà á. Ẹni tó ṣe abẹ̀bẹ̀ náà ní bó bá ń ta òkìtì, ká máa tètè tú u, torí òkìtì ń fa apá abẹ̀bẹ̀ nífà tí ojú ò rí. Bó bá ti sán tí a ò mọ̀, apá kan lè já lókè. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń di ògiri mú tẹ́ ẹ bá ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí lẹ mọ̀ nípa òkè?”

“Ìyẹn ni mo ṣe ń wò ó nílẹ̀.”

Àlàájà dá sí i. “Jẹ́ kó fò lọ́la, kó o tú u lọ́tùnla. Kí ni ọjọ́ kan máa ṣe?”

“Màámi, ẹ má bínú.”

Ìgbà náà ni Àlàájà ṣe ohun tí abiyamọ kì í fi ṣeré. Ó ki ọwọ́ bọ bùbá, ó fa ọmú rẹ̀ òsì jáde.

“Ọmú tó o mu rèé. Òun ni mo fi bẹ̀ ọ́. Bó o bá kọ̀, o ò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi mọ́.”

Àwọn ayálégbé tó ń fọṣọ lóde fi aṣọ sílẹ̀. Ta ló ń rí ọmú ìyá rẹ̀ tó ń sọ pé rárá? Ọlátúnjí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ńtì. Àlàájà rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

“Mo ti gbọ́, Màámi,” ló wí. Ó dìde, ó lọ sí pápá, ó tú abẹ̀bẹ̀ náà.

Àwọn òyìnbó dé, wọ́n bá bàálù tí kò nímú. Wọ́n bá Jayé ya fọ́tò, wọ́n lọ, wọn ò sì padà wá.

Gbogbo àkókò tí abẹ̀bẹ̀ fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, Àlàájà ń gbàdúrà lórí ẹní ìkírun pé kó ti sán. Ìyá wo ló ń bẹ Ọlọ́run pé kí irin sán? Ṣùgbọ́n bó bá sán, Jayé á rí i pé ikú ni wọ́n yọ òun nínú rẹ̀, Àlàájà náà á sì rójú ká ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Kò sán. Ó mọ́ kedere. Ọlátúnjí nìkan ló dè é padà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Jayé kò gun bàálù náà mọ́. Ó jókòó sílé, ó kọjú sí fèrèsé.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, Ọlátúnjí á wá láti ilé rẹ̀ ní Mende. Á dọ̀bálẹ̀, á béèrè bí orúnkún ṣe ń ṣe ìyá rẹ̀, á tún ẹ̀rọ omi ṣe. Oúnjẹ nìkan ni kò ní jẹ.

Jímọ̀ tó kọjá yìí, òjò ń rọ̀. Àlàájà se ìkọ́kọrẹ́, ó fi ẹja gbígbẹ sí i, irú èyí tí Ọlátúnjí máa ń tìtorí rẹ̀ lá ìkòkò ní kékeré. Ọlátúnjí wò ó, ó gbé ọmọrí dé e.

“Túnjí, ọkọ mi,” ni Àlàájà wí jẹ́jẹ́, “ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, ṣé kò ní àsìkò tí wọ́n ń tú u wò ni?”

“Màámi, ẹni tó ṣe nǹkan ló ń sọ àsìkò rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣe é.”

Ó ń wo ìyá rẹ̀ lójú bí ọmọ tébi ń pa. Kí ló kù? Kí Àlàájà ta omi tútù sílẹ̀, kó ní òun ti ká a kúrò, ó parí. Ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e.

Jayé yí ojú kúrò ní fèrèsé. Kò rẹ́rìn-ín, kò bínú.

“Ìyá Àgbà, ṣé òùngbẹ ń gbẹ yín ni?”

Àlàájà wo ọmọ, ó wo ọmọ ọmọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. Ó gbé ife sẹ́nu, ó mu ún tán pátá.

Ọlátúnjí dọ̀bálẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀, ó bọ́ sínú òjò.